Oyin Kajú Tí Ìwé Àyẹ̀wò Sọ Di Oyin Ọ̀pẹ ní Ṣábẹ̀ẹ́

Bídọ́ọ̀nù oyin mẹ́rin, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Àwọn olóyin kan tí oko wọn wà ní ìlà-oòrùn Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lọ́nà odò Ọ̀pàrà, ló tà wọ́n fún obìnrin oníṣòwò kan láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ìyá Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe máa pè é níbí. Oyin kajú ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n ń ná an, owó oyin kajú ni wọ́n sì jọ fẹnu kò sí, èyí tó wọ́n ju oyin igbó lásán lọ. Ó san ìdajì, ó ní bí òun bá tà tán òun á san ìyókù. Ṣùgbọ́n oníbàárà rẹ̀ kan ní Kútọnú, tó ń rọ oyin sínú ìgò kéékèèké fún àwọn ilé ìtajà, gbé díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kó tó ra púpọ̀. Ìwé tó jáde kò ju ojú ewé kan lọ. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lédè Faransé ni pé nínú lẹ́búlẹ́bú òdòdó (ohun bí ìyẹ̀fun tó máa ń wà lórí òdòdó) tó wà nínú oyin náà, ti ọ̀pẹ ló ju ìdajì lọ, pé kajú wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò tó èyí tí a lè tìtorí rẹ̀ pè é ní oyin kajú.

Oníbàárà dá oyin padà. Ìyá Àjàṣẹ́ di owó ìyókù mú. Ló bá di "ẹ tàn mí jẹ," "a ò tàn yín jẹ." Nígbà tí wọ́n ka ìwé náà sétí Bàbá tó jẹ́ olórí àwọn olóyin, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n: "Ọ̀pẹ wo ló ń sun oyin?" Ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ìbéèrè àgbẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n òun gan-an ló yẹ kí ẹni tó kọ ìwé yẹn ti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀.

Àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní Àjàṣẹ́ ò jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe Ṣábẹ̀ẹ́ yìí náà ni ilé iṣẹ́ ṣúgà wà? Oko ìrèké tó lọ rẹrẹ níbẹ̀, ta ló mọ ohun tí àwọn olóyin ń dà mọ́ oyin? Báyìí ni ẹ̀sùn kan ṣe di méjì: ẹ̀kíní, pé oyin náà kì í ṣe oyin kajú, èkejì, pé kì í tilẹ̀ ṣe oyin pọ́nńbélé.

Iṣẹ́ mi ni wíwo lẹ́búlẹ́bú òdòdó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ilé ìyá mi sì wà ní Ṣábẹ̀ẹ́. Tọ̀tún-tòsì ló ránṣẹ́ pè mí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà n ò gba oyin lọ́wọ́ ẹnì kankan lẹ́yìn ẹnì kejì. Ohun tí mo kọ́kọ́ wádìí ni irú oyin tó dé ilé àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ìgò kékeré kan ni, inú bídọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni wọ́n sì ti bù ú. Mẹ́ta yòókù ò débẹ̀ rárá, síbẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n dá lẹ́jọ́. Mo ní kí a bù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú gbogbo wọn. A fi igi tó mọ́ rò wọ́n látìsàlẹ̀ dókè, torí oyin tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń dì, ohun tó wà lókè kì í sì í ṣe ohun tó wà nísàlẹ̀. A rọ ti bídọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan sínú ìgò méjì: mo mú ọ̀kan, a di ìkejì lẹ́nu pa, a gbé e sílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí tọ̀tún-tòsì fọkàn tán. Ìyá Àjàṣẹ́ fọwọ́ síwèé, Bàbá tẹ̀ka.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, ó yẹ kí n sọ bí lẹ́búlẹ́bú ṣe ń dénú oyin, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà ti lọ́. Bí kòkòrò oyin bá ki ẹnu bọ òdòdó láti fa oje, ìyẹn omi dídùn inú rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú orí òdòdó náà á já bọ́ sínú oje, á sì bá a wọnú. Nínú ikùn tó fi ń gbé oje wálé, ilẹ̀kùn kékeré kan wà tó ń sẹ́ lẹ́búlẹ́bú kúrò díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń fò bọ̀, ṣùgbọ́n kì í sẹ́ ẹ tán. Èyí tó lẹ̀ mọ́ irun ara rẹ̀ náà ń gbọ̀n sílẹ̀ nínú ilé. Àwọn méjèèjì yìí ò pọ̀. Èyí tó pọ̀ ni èyí tí kòkòrò oyin mọ̀ọ́mọ̀ ń kó jọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìṣù-ìṣù, tó ń gbé wálé láti fi bọ́ ọmọ. Á rọ ọ́ sínú ihò afárá, á tẹ̀ ẹ́, á fi oyin díẹ̀ bò ó. Oúnjẹ ọmọ lèyí, kò bá oje tan. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó gé afárá bá fún gbogbo rẹ̀ pọ̀, oúnjẹ ọmọ náà bọ́ sínú oyin nìyẹn.

Ọ̀nà tí a fi ń wá ìdí oyin yìí kì í ṣe tàná. Ní 1895 ni Robert Pfister, ará Switzerland, ti gbìyànjú láti fi lẹ́búlẹ́bú mọ ibi tí oyin ti wá. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ń tẹ̀ lé títí dòní ni èyí tí Louveaux, Maurizio àti Vorwohl tẹ̀ jáde ní 1978. Gíráàmù 10 oyin ni a máa ń wọ̀n, a ó yọ́ ọ sínú mílílítà 20 omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí gbígbóná rẹ̀ ò ju ìwọ̀n 40 Celsius lọ. A ó rọ ọ́ sínú ọ̀pá ìgò, a ó fi sínú ẹ̀rọ tó ń fi í yí òòyì kíkankíkan títí ohun tó wúwo nínú rẹ̀ á fi rọ̀ sísàlẹ̀. A ó da omi dídùn orí rẹ̀ nù, a ó fi omi mìíràn ṣan án kí ṣúgà lè kúrò, a ó tún yí i. Ohun tó bá kù nísàlẹ̀ ni a ó kán sórí gíláàsì pẹlẹbẹ.

Nínú ọ̀pọ̀ oyin, ẹni tó ń wá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ní láti gbé ọ̀pá ìgò sókè sí ìmọ́lẹ̀, kó sì fojú sílẹ̀ dáadáa kó tó rí i. Ti bídọ́ọ̀nù kìíní àti ẹ̀kẹta kò gba bẹ́ẹ̀. Ó yọ gẹdẹgbẹ nísàlẹ̀ ìgò, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó nípọn débi pé mo ní láti po omi mọ́ ọn kí àwọn hóró lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ má baà gorí ara wọn lábẹ́ awò máíkírósíkóòpù. Ti bídọ́ọ̀nù kejì fẹ́lẹ́, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. N ò tíì fojú kan hóró kan, ẹ̀rí àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni mo gbà ṣe gíláàsì kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, mo fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìkejì, mo fi ásíìdì sè é. Ìpín 9 anhydride ásíìdì ọtí kíkan (èyí tí wọ́n ti fa omi kúrò nínú rẹ̀) sí ìpín 1 ásíìdì sọ́fúrì ni wọ́n ń pò, ó sì léwu púpọ̀, torí bí omi bá kàn án, ó lè bú gbàmù sí èèyàn lójú. Ásíìdì yìí á jẹ ọ̀rá àti ohun inú hóró kúrò, á ṣẹ́ ku èèpo rẹ̀ nìkan, ara èèpo yìí sì ni ọnà tí a fi ń dá igi mọ̀ wà. Ẹni tó bá lo ásíìdì nìkan ti pàdánù nǹkan, torí ó ń run ìyẹ̀fun, ìwúkàrà àti ìṣẹ́pẹ́ ara igi tó bá wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀sùn ṣúgà wà nílẹ̀, n ò lè sọ ìyẹn nù.

Lẹ́yìn náà ni kíkà. Ó kéré tán hóró 500 ni ó yẹ kí a kà kí a tó lè sọ pé ìdá báyìí nínú 100 ni ti igi báyìí. Iṣẹ́ tó ń mú ọrùn ro ni, àmọ́ kò ṣòro fún ẹni tó ní ohun tó ń fi wé e. Ohun ìfiwé yẹn ló ṣòro. Kò sí ìwé ilẹ̀ òkèèrè tó lè sọ fún yín bí lẹ́búlẹ́bú igi ẹ̀yìnkùlé yín ṣe rí. Ẹ ní láti já òdòdó rẹ̀, kí ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ ṣe gíláàsì tirẹ̀, kí ẹ sì mọ orúkọ igi náà dájú. Ní Bẹ̀nẹ̀, ibi tí a ti ń fìdí orúkọ múlẹ̀ ni ibi tí wọ́n ń pa ewé àti òdòdó gbígbẹ mọ́ sí ní yunifásítì Abomey-Calavi.

Hóró kajú ní ìlà mẹ́ta lóòró, ihò sì wà láàárín ìlà kọ̀ọ̀kan; èèpo rẹ̀ lá tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ṣọ́ra níbí, torí ẹbí kan náà ni kajú, máńgòrò àti ìyeyè, wọ́n sì jọra gan-an lábẹ́ awò. Máńgòrò tún máa ń yọ òdòdó nígbà ọyẹ́ tí kajú náà ń yọ. Gíláàsì ìfiwé ló ń yà wọ́n. Hóró ọ̀pẹ ní igun mẹ́ta, ojú rẹ̀ là sọ́nà mẹ́ta láti àárín. Ti àgbàdo tóbi ju gbogbo wọn lọ, ó rí róbótó, ihò kan péré ló ní, òrùka sì yí ihò náà ká. Ti ẹbí igi ìdí àti àyìn ní ìlà mẹ́fà: mẹ́ta ní ihò, mẹ́ta kò ní. Ti igi irú kì í dá wà. Ọ̀pọ̀ hóró ló ń so mọ́ra wọn ní ìṣù kan. Ẹbí ewéko tó ní òdòdó wẹ́wẹ́ tó ṣù pọ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ewé Akíntọ́lá lápá Nàìjíríà, ní ẹ̀gún yí ara ká. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kì í ṣì í mọ́.

Ohun tó wà nínú bídọ́ọ̀nù kìíní, èyí tí wọ́n mú ìgò àkọ́kọ́ láti inú rẹ̀, bá ohun tí ilé àyẹ̀wò kọ mu. Ọ̀pẹ ló ṣíwájú, kajú tẹ̀ lé e, ìwọ̀nba koríko àti ẹbí igi ìdí sì wà níbẹ̀. Wọn ò ka àkàkúùkà. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún ohun tí wọ́n kà ni mo bá wọn jiyàn lé lórí. Ọ̀pẹ kì í fún kòkòrò oyin ní oje tó lè di oyin. Akọ òdòdó rẹ̀ kún fún lẹ́búlẹ́bú, kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ Elaeidobius ló sì ń gbé e lọ sára abo. Àwọn kòkòrò oyin kàn ń wá bù nínú rẹ̀ fún ọmọ wọn ni. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ti àgbàdo àti ọ̀pọ̀ koríko. Kíka irú wọn mọ́ kajú láti fi mọ ibi tí oje ti wá, àfi ẹni tó ka igi ìdáná mọ́ èròjà ọbẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń kọ iye wọn sílẹ̀, torí wọ́n ń sọ irú ilẹ̀ tí oyin ti wá, lẹ́yìn náà wọ́n á yọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á tún ìṣirò ṣe lórí àwọn tó ní oje.

Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, kajú fò kọjá 45 nínú 100 nínú bídọ́ọ̀nù kìíní, nínú ìkejì àti nínú ìkẹta. Nínú ìlànà 1978, ohun tó bá ju 45 lọ ni olórí; láti 16 dé 45 ni igbákejì; láti 3 dé 15 ló kéré ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì; àwọn tó kù kò ju kó wà níbẹ̀ lọ. N ò kì í fi ìlà 45 yìí búra o. Igi máa ń yàtọ̀ síra. Oyin ọsàn lè ní 10 sí 20 péré nínú 100 lẹ́búlẹ́bú ọsàn, kó sì jẹ́ oyin ọsàn pọ́nńbélé, nígbà tó jẹ́ pé igi Castanea ní Yúróòpù máa ń da lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀ débi pé bí 90 nínú 100 ni wọ́n ń retí kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ pe oyin. Ìlànà Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé, lórí oyin kò dárúkọ 45 kankan. Ohun tó sọ ni pé bí a bá fẹ́ fi orúkọ igi kan pe oyin, kó jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ tàbí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá láti ara igi náà, kí adùn, òórùn, ìṣesí àti ohun tí awò rí nínú rẹ̀ sì bá a mu.

Ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni bídọ́ọ̀nù kejì. Oko kan náà ni òun àti ìkíní ti wá, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n sì gé wọn. Síbẹ̀ ọ̀pẹ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, láìtíì yọ ohunkóhun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni kajú ti ṣíwájú. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣe oyin ìkíní, kí ló dé tí ti ìkejì kò rí bẹ́ẹ̀? Mo wọn iye hóró tó wà nínú gíráàmù 10. Oyin tó bá ní láàárín 20,000 sí 100,000 ni ó wọ́pọ̀. Èyí tó bá ju mílíọ̀nù kan lọ, oyin tí a fún ni wọ́n sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ìkejì wà nínú ẹgbẹ́ tó wọ́pọ̀. Ìkíní àti ìkẹta wà lókè téńté.

Mo gun zẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà, lọ sóko. Àwọn àpáta ńlá Ṣábẹ̀ẹ́ wà lẹ́yìn wa, kajú wà lọ́tùn-ún lósì, ọ̀pẹ sì tò sí àbàtà nísàlẹ̀, kò jìnnà tó ibi tí kòkòrò oyin ò lè fò dé. Àpólà igi oníhò ni Bàbá fi ń sin oyin, ó so wọ́n mọ́ orí igi. Ọmọ rẹ̀ ti kọ́ lílo àpótí tí wọ́n ń to ọ̀pá pẹlẹbẹ sí lórí, tí afárá kọ̀ọ̀kan ń rọ̀ sórí ọ̀pá tirẹ̀. Ti ọmọ ni bídọ́ọ̀nù kejì.

Bàbá mú afárá kan wá fún mi láti inú àpólà. Apá òkè rẹ̀ funfun, oyin tí wọ́n ti dí lójú ló wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀, àwọn ihò rẹ̀ kún fún oúnjẹ ọmọ. Mo fi abẹ́rẹ́ tú ọ̀kan, ìpele-ìpele ló rí: àwọ̀ ìyeyè ràkọ̀ràkọ̀, lẹ́yìn náà èyí tó dúdú díẹ̀, lẹ́yìn náà pupa. Mo bi Bàbá bó ṣe ń yọ oyin rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì hàn mí: ó kó afárá tòkè-tìsàlẹ̀ sínú aṣọ, ó fún un títí kò fi sí omi nínú rẹ̀ mọ́. "Èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn ló ń fún oyin lágbára," ni ó wí. "Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe oògùn, òun ló ń bèèrè." N ò bá a jiyàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ṣábẹ̀ẹ́ ò ka oyin tó mọ́ gaara sí oyin gidi, ohun tí wọ́n bá fẹ́ rà ló sì yẹ kí wọ́n rí rà. Ọmọ rẹ̀ ní tirẹ̀ máa ń gé apá òkè nìkan, á fọ́ ọ sórí asẹ́, á jẹ́ kó máa ro fúnra rẹ̀ mọ́jú.

Bídọ́ọ̀nù kẹta tún ní ohun kan tí ìkíní ò ní. Hóró àgbàdo pọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àgbàdo kì í yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Kí lẹ́búlẹ́bú ìgbà òjò ń wá nínú oyin ẹ̀ẹ̀rùn? Mo sọ fún Bàbá pé afárá àtijọ́ wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àpólà kan wà tí àwọn ò lè sún mọ́ látìgbà òjò, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ burú. Ìgbà tí ọyẹ́ mú ni àwọn tó lè kó èéfín bò ó, àwọn sì gé gbogbo rẹ̀, tàtijọ́-tuntun. Ẹnu ya Ìyá Àjàṣẹ́ nígbà tí mo sọ fún un. Ìgbà yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé awò yẹn kì í ṣe àfọ̀ṣẹ.

Bídọ́ọ̀nù kẹrin ni ti Bàbá ti wọ́. Kò sí ìṣirò tó lè sọ ọ́ di oyin kajú. Ẹbí igi ìdí àti àyìn ló ṣíwájú, igi èmì tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí tẹ̀ lé e, ìṣù igi irú hàn níbẹ̀, kajú kéré, ọ̀pẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ yìí mọ̀ pé ọ̀dàn nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ àbàtà tí ọ̀pẹ wà. Mo bi wọ́n léèrè níwájú gbogbo èèyàn. Gbogbo wọn dákẹ́, kí ọmọ Bàbá tó sọ pé bídọ́ọ̀nù tó kẹ́yìn kò kún, àwọn sì ra èyí tó kù lọ́wọ́ àna Bàbá lọ́nà Kìlìbó. Bàbá ní, "Ṣé kì í ṣe oyin náà ni? Èmi ò da omi sí i."

"Bàbá, ẹ dákun," Ìyá Àjàṣẹ́ dá a lóhùn, "bí ẹ bá ta oyin fún mi, oyin ni mo rà. Bí ẹ bá ta kajú fún mi, kajú ni mo rà."

Kò sí ẹni tó lè fèsì sí ìyẹn. N ò rò pé Bàbá fẹ́ jalè. Lójú rẹ̀, ìlérí tó ṣe ni bídọ́ọ̀nù mẹ́rin, ó sì kó mẹ́rin sílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kajú ló gbà lé e, ìyẹn ò sì ṣeé gbèjà.

Ó wá ku ẹ̀sùn ṣúgà, òun sì ni n ò lè fọwọ́ sí. Nínú gíláàsì tí n ò fi ásíìdì sè, mo wá ìṣẹ́pẹ́ ara ìrèké, torí ṣúgà ìrèké tí wọn ò fọ̀ dáadáa máa ń gbé e wọnú oyin. N kò rí ọ̀kan. Mo wá ìyẹ̀fun, ìyẹn náà ò sí. Àwọn olóyin fẹ́ kí n kọ ọ́ pé kò sí ṣúgà nínú oyin wọn. Mo kọ̀. Ṣúgà funfun tí a fọ̀ tó mọ́ kì í fi àmì kankan sílẹ̀ lábẹ́ awò. Ohun tó lè ṣe kò ju kó dín iye lẹ́búlẹ́bú kù, ẹ sì ti rí i pé bí wọ́n bá fún oyin, iye yẹn lè ga tó bẹ́ẹ̀ tí a ò ní fura. Ohun tó ń mú ṣúgà ìrèké ni wíwọn káábọ̀nù. Ìrèké àti àgbàdo ń fa káábọ̀nù láti inú afẹ́fẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti kajú, èmì àti ọ̀pọ̀ igi tí kòkòrò oyin ń bẹ̀ wò, nítorí náà ìwọ̀n káábọ̀nù 13 inú ṣúgà wọn ga ju tiwọn lọ. Ẹ̀rọ tó ń wọn èyí wọ́n púpọ̀, bí ṣúgà tí wọ́n dà sí oyin bá sì ti kọjá 7 nínú 100 ni wọ́n ń kà á sí ayédèrú. Kò lè mú ṣúgà tí wọ́n fi ìrẹsì tàbí bíìtì ṣe, àmọ́ ìrèké ni wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kan àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́. Kòkòrò oyin fúnra rẹ̀ tún máa ń lá omi ìrèké tí wọ́n bá gé sílẹ̀, kò sì sí olóyin tó lè so wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo sọ gbogbo èyí fún Ìyá Àjàṣẹ́, mo ní bí ó bá fẹ́ lépa ẹ̀sùn yẹn, kó ránṣẹ́ sí ibi tí ẹ̀rọ náà wà, kó sì san owó rẹ̀. Ó ní àwọn tó ń sọ ọ́ ni kó lọ san án.

Bí wọ́n ṣe yanjú rẹ̀ nìyí. Wọ́n san owó kajú fún bídọ́ọ̀nù mẹ́ta, owó oyin igbó fún ìkẹrin, Bàbá sì dá ìyàtọ̀ owó náà padà nínú ìyókù tó yẹ kó gbà. Oníbàárà Kútọnú gba ìkejì, ó kọ ìkíní àti ìkẹta. Kì í ṣe nítorí ọ̀pẹ mọ́: ó ní wọ́n ṣú, àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ òun fẹ́ èyí tó mọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìyá Àjàṣẹ́ gbé méjèèjì lọ sọ́jà Ọ̀wàǹdó ní Àjàṣẹ́, ó tà wọ́n ní oyin fífún. Mo fi gíláàsì mi àti ìṣirò mi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Wọ́n tún ìwé wọn kọ, wọ́n sì ya àwọn tí kò ní oje sọ́tọ̀. Wọn ò kọ "ẹ má bínú" síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Láti ìgbà náà, ìgò kékeré kan ń kù sílẹ̀ nínú bídọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò ní Ṣábẹ̀ẹ́, pẹ̀lú orúkọ oko àti oṣù tí wọ́n gé e lára rẹ̀. Oyin àna Bàbá ní bídọ́ọ̀nù tirẹ̀. Ọmọ Bàbá fẹ́ kí gbogbo wọn fi àpólà sílẹ̀ kí wọ́n gba àpótí. Bàbá ní àwọn oníbàárà òun tó ń fi oyin ṣe oògùn ńkọ́? Wọn ò tíì fẹnu kò lórí ìyẹn. Ìyá Àjàṣẹ́ ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ oyin igi irú lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ bí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó nínú oyin tí a mọ̀ dájú pé ara igi irú ló ti wá, kó tó bá ẹnikẹ́ni dá owó.